Ṣé lóòótọ́ ni ìgbì òkun ń ga sí i, àbí ariwo lásán ni?

Ẹnì kan kọ̀wé báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á níbì kan pé ìgbì òkun ti ń ga sí i káàkiri ayé, mo tún kà á níbòmíì pé gbogbo gíga ọ̀hún ò ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ. Èwo ni ká gbà gbọ́? Tó bá sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mélòó kan ni lóòótọ́, ṣé ìyẹn ló ń jẹ etí òkun tó báyìí, àbí omi òkun tó ń kún sí i ni? Àti pé ṣé téèyàn bá mọ ògiri síwájú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ò ti parí?"

Ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ béèrè. Lórí èwo ni òótọ́ nínú ohun tẹ́ ẹ kà, méjèèjì ni. Kò sẹ́ni tó parọ́ níbẹ̀, ohun tí kálukú ń wọ̀n ló yàtọ̀. Ẹnì kan ń sọ ìpíndọ́gba, ìyẹn béèyàn bá kó gbogbo ìgbì ọdún kan jọ, ti ọjọ́ tí òkun parọ́rọ́ àti ti ọjọ́ ìjì, tó wá pín in dọ́gba. Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, lọ́pọ̀ ibi ó ṣì wà níbi tó wà. Ẹnì kejì ń sọ àwọn ìgbì ńlá tó ń bá ìjì rìn, àwọn yẹn ló ń dàgbà láwọn ibì kan. Èmi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ o, ẹni tó bá tẹjú mọ́ ìpíndọ́gba nìkan, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá, torí ìgbì ọjọ́ tí òkun balẹ̀ kọ́ ló ń wó ilé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí "gíga ìgbì" túmọ̀ sí ná, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Tẹ́ ẹ bá jókòó létí òkun fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ máa rí i pé ìgbì ò ga bákan náà, kékeré mẹ́ta mẹ́rin á kọjá, ńlá kan á dé, ìkejì ẹ̀ á tẹ̀ lé e, gbogbo ẹ̀ á tún rọlẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń ṣètò bí ọmọ ogun ṣe máa gúnlẹ̀ sí etíkun fẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbára lé, Walter Munk àti ọ̀gá ẹ̀ Harald Sverdrup wá mú ìpíndọ́gba ìdá kan nínú mẹ́ta tó ga jù lára ìgbì, torí ó sún mọ́ iye tí atukọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń sọ tó bá fojú wo omi. Òun la ṣì ń lò dòní. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí wọ́n bá kéde pé ìgbì òní jẹ́ mítà 2, ẹni tó bá pẹ́ díẹ̀ lójú omi á pàdé èyí tó sún mọ́ mítà 4, a ò sì lè sọ pé wọ́n purọ́ fún un. Èyí tó ga jù tí bọ́ì tíì kọ sílẹ̀ lórí òṣùwọ̀n yìí ni mítà 19, ní February 4, 2013, láàrin Iceland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bọ́ì yẹn ni ohun èlò rìbìtì tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, tó ń léfòó, tó ń bá ìgbì gòkè tó ń bá a sọ̀ kalẹ̀, tó sì ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ó dáa, iye ẹ̀ wá ńkọ́? Lọ́dún 2019, Ian Young àti Agostino Ribal ní Yunifásítì Melbourne kó àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì 31 jọ, láti 1985 dé 2018, iye ìgbà tí wọ́n wọn omi nínú ẹ̀ tó bílíọ̀nù 4. Bí sátẹ́láìtì ṣe ń ṣe é dùn mọ́ mi: ó máa ju ìtànṣán rédíò sílẹ̀ sórí omi, tí omi bá tẹ́ bí àwo, gbogbo ẹ̀ á ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí ìgbì bá wà, èyí tó kan orí ìgbì á kọ́kọ́ padà, èyí tó wọ kòtò á dé lẹ́yìn, bí àlàfo àárín wọn bá ṣe pọ̀ tó ni ìgbì ṣe ga tó. Ohun tí wọ́n rí ni pé ní Òkun Gúúsù, ìyẹn omi tó yí Àǹtákítíkà ká, àwọn ìgbì tó jẹ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́wàá péré ló ń ga jù wọ́n lọ ti fi nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà ga sí i, ìyẹn pásẹ́ǹtì 5. Afẹ́fẹ́ líle ibẹ̀ náà ti fi pásẹ́ǹtì 8 yára sí i. Ìpíndọ́gba ńkọ́? Ó kéré gan-an. Ẹ rí i pé àwọn sẹ̀ǹtímítà mélòó kan tẹ́ ẹ kà yẹn kì í ṣe irọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù kì í ṣe ti sátẹ́láìtì rárá. Àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì ò fi bẹ́ẹ̀ ju ogójì ọdún lọ, ogójì ọdún sì kéré fún òkun. Peter Bromirski ní Scripps, ilé ìwádìí nípa òkun ní California, ń wá àkọsílẹ̀ tó ju ìyẹn lọ, ó wá rántí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀ tí ilẹ̀ bá mì. Tí ìgbì bá gbá etíkun tó padà sẹ́yìn tó pàdé èyí tó ń bọ̀, ìpàdé àwọn méjèèjì máa ń ti ìsàlẹ̀ òkun, ilẹ̀ á máa gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́, ara èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ṣọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ kórìíra gbígbọ̀n yẹn, ariwo lásán ni lójú wọn. Bromirski wá lọ bá àwọn bébà àtijọ́ tí ẹ̀rọ yẹn ya gbígbọ̀n ọ̀hún sí láti 1931, wọ́n sọ wọ́n di nọ́ńbà orí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi ariwo lásán yẹn mọ gíga ìgbì ìgbà òtútù fún àádọ́rùn-ún ọdún. Iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 2023: láti nǹkan bí 1970, ìpíndọ́gba ìgbì ìgbà òtútù ní California ti fi nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà ga sí i, ìjì tó ń gbé ìgbì tó ga ju mítà 4 lọ wá láàrin 1996 sí 2016 ní ìlọ́po méjì iye tó wá láàrin 1949 sí 1969. Ìdọ̀tí ẹnì kan, wúrà ẹlòmíì nìyẹn o.

Kẹ́ ẹ má wá rò pé gbogbo àkọsílẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, wọ́n gbé àkọsílẹ̀ bọ́ì kan lé mi lọ́wọ́, mo yà á sórí bébà, àrà ńlá! Ìgbì ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi bó ṣe fò sókè lójijì bí ẹni gun àtẹ̀gùn, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Inú mi dùn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, mo ti ń ronú àkọlé tí màá fún un. Ìgbà tí ọ̀gá mi wò ó, ó kàn bi mí pé, "Ọjọ́ wo ni wọ́n pààrọ̀ bọ́ì?" Mo lọ wo ìwé, ọjọ́ tó fò sókè yẹn náà ni. Ara bọ́ì tuntun fúyẹ́, ó ń bá ìgbì gòkè ju ti àtijọ́ lọ, òkun ò ṣe nǹkan kan. Èmi nìkan kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́dún 2011, Johannes Gemmrich àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ àwọn bọ́ì ìhà ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà wò, wọ́n rí i pé nínú gíga tí wọ́n ti ń pariwo ẹ̀, apá kan wá látinú irin iṣẹ́ tí wọ́n pààrọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n kí n tó béèrè iye tó jẹ́.

Wàhálà míì ni pé òkun máa ń ṣe bí ẹni mí sínú mí síta. Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n dá dúró sójú kan láti máa tan iná fún àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá, níbi tí wọ́n ń pè ní Seven Stones, ní ìpẹ̀kun gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1962 ni wọ́n ti gbé òṣùwọ̀n ìgbì sínú ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1980, ìgbì ibẹ̀ ti ń ga lọ́dọọdún débi pé ẹ̀rù ba àwọn onímọ̀. Lẹ́yìn náà la wá mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀ bá ìyàtọ̀ tó wà láàrin bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó ní Iceland àti ní erékùṣù Azores mu. Tí ìyàtọ̀ yẹn bá pọ̀, afẹ́fẹ́ á le, ìgbì á ga, tó bá dínkù ìgbì náà á rọ̀, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ kíkà yín láti ìgbà tó rọ̀ tẹ́ ẹ sì parí ẹ̀ sí ìgbà tó le, àfi kẹ́ ẹ rí òkè. Fún àwọn ọdún tó ń bọ̀ pàápàá, ohun tí ọ̀pọ̀ ìṣirò kọ̀ǹpútà ń sọ ni pé ìpíndọ́gba ìgbì á máa ga sí i ní Òkun Gúúsù, á sì máa dínkù ní Àtìláńtíìkì apá àríwá. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé ìgbì ń ga "níbi gbogbo" ti sọ ju bó ṣe mọ lọ.

Ẹ lè wá sọ pé kí ló kàn wá pẹ̀lú Òkun Gúúsù tó wà lẹ́yìn ayé lọ́hùn-ún. Ó kàn wá gan-an. Ìgbì tí ìjì dá sílẹ̀ kì í jókòó sábẹ́ ìjì, ó máa ń rin ìrìn àjò, bó bá ṣe ń lọ ni àwọn kékeré ń kú dànù lójú ọ̀nà tí àwọn gígùn ń bá tiwọn lọ. Lọ́dún 1963, Munk yìí kan náà to àwọn ibùdó sójú ọ̀nà kan, láti New Zealand gba Samoa, erékùṣù Palmyra àti Hawaii títí dé Alaska, wọ́n sì ń tọ ipasẹ̀ ìgbì tí ìjì Òkun Gúúsù dá sílẹ̀ láti ibùdó kan dé òmíì, ó ju kìlómítà 10,000 lọ, agbára tó sì sọ nù lójú ọ̀nà lẹ́yìn tó ti jìnnà sí ìjì kéré jọjọ. Ní December 2008, irú ìgbì arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ kúrò lábẹ́ ìjì kan ní Pàsífíìkì apá àríwá, ó lọ bo àwọn erékùṣù mọ́lẹ̀ láti Micronesia àti Marshall Islands dé Papua New Guinea. Ìjì náà ò sún mọ́ wọn rárá, ibi tó wà sí wọn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà.

Ọ̀rọ̀ sẹ̀ǹtímítà tó kéré wá kù. Ẹ má fojú kéré ẹ o, torí agbára ìgbì kì í bá gíga ẹ̀ rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Ìgbì tó bá ga ní ìlọ́po méjì, agbára ẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Pásẹ́ǹtì 5 ti Òkun Gúúsù yẹn á di nǹkan bíi pásẹ́ǹtì 10 tó bá kan agbára. Tẹ́ ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to òkúta sínú omi láti dáàbò bo èbúté, tiwọn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ìṣirò tí wọ́n ń lò, tí ìgbì bá ga ní ìlọ́po méjì, òkúta tí kò ní yẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo ní ìlọ́po mẹ́jọ. Kí ìgbì fi pásẹ́ǹtì 10 péré ga sí i, òkúta tó tó tọ́ọ̀nù 10 tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ di tọ́ọ̀nù 13 ó lé. Èbúté tí wọ́n kọ́ ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n fi ìgbì ìgbà yẹn ṣírò ẹ̀, ta ló fẹ́ lọ kó gbogbo òkúta ẹ̀ jáde?

Ó ku omi òkun tó ń kún. Omi ayé ti fi nǹkan bí 10 sẹ̀ǹtímítà ga sí i láti 1993. Ẹ fẹ́ kí n yan ọ̀kan nínú òun àti ìgbì, mi ò lè yàn, torí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Nígbà tí ìgbì bá ń bọ̀ látinú agbami, tó bá dé ibi tí omi ò jìn, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa wọ́lẹ̀, orí ẹ̀ á máa sáré lọ, tí gíga ẹ̀ bá ti tó bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá jíjìn omi ibẹ̀, á wó lulẹ̀. Omi tí ò jìn yẹn ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, òun ló ń sọ fún ìgbì ńlá pé ibi yìí lo máa wó sí, o ò ní kọjá. Tí omi òkun bá wá kún sí i, ẹ̀ṣọ́ ti sún sẹ́yìn nìyẹn, ìgbì tó yẹ kó wó lókèèrè á gbé gíga ẹ̀ dé ìdí ilé. Àwọn erékùṣù tí àpáta iyùn yí ká, ìyẹn àpáta tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun kọ́, ló mọ èyí jù, torí àpáta iyùn tó bá ṣì pé máa ń gba nǹkan bíi pásẹ́ǹtì 97 nínú agbára ìgbì kó tó dé ilẹ̀. Tí iyùn bá kú tó fọ́, tí omi orí ẹ̀ sì jìn sí i, kì í ṣe pé ìgbì agbami ga sí i o, ibodè ló ṣí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi alẹ́ ìjì kan hàn yín. Omi òkun ti kún dé òkè ẹ̀ nítorí òṣùpá. Ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í wó, ìkan ò tíì padà tán tí òmíì fi ń dé, omi á wá ṣù jọ létíkun, ìyẹn nìkan lè gbé omi sókè ní ìdajì mítà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ tí ìgbì bá tóbi. Lórí omi tó ti ga yẹn ni ìgbì tún ti ń sáré gun iyanrìn, á dé ẹsẹ̀ òkìtì iyanrìn, á gé ẹsẹ̀ ẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, apá òkè á rọra ya, á ṣubú gbì, omi á kó o lọ. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó rí ògiri iyanrìn tó dúró ṣánṣán, gbòǹgbò koríko ń rọ̀ dirodiro lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n iyanrìn yẹn ò tíì sọ nù o! Púpọ̀ nínú ẹ̀ ti lọ tò sábẹ́ omi níwájú ibẹ̀, ó tiẹ̀ ń bá wa wó ìgbì tó ń bọ̀. Láàrin oṣù mélòó kan, ìgbà míì ọdún mélòó kan, àwọn ìgbì kékeré á máa rọra gbé e padà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìṣòro wà ni kí ìjì kejì dé kí iyanrìn ti àkọ́kọ́ tó padà, kí ẹ̀kẹta tún dé lórí ẹ̀. Nígbà òtútù 2013 sí 2014 nìyẹn ṣẹlẹ̀ ní etíkun Àtìláńtíìkì ilẹ̀ Yúróòpù, ìjì ń tẹ̀ lé ìjì, ìgbì ìgbà yẹn ló lágbára jù láti 1948 ó kéré tán. Ní Dawlish, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbì wó ògiri òkun ní February 2014, ó gbá ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀nà rélùwéè lọ, irin rélùwéè wá ń rọ̀ lófuurufú bí okùn ìsáṣọ, àfi April kí ọkọ̀ ojú irin tó tún kọjá.

Ibì kan wà tó jẹ́ pé kò sí àríyànjiyàn lórí ẹ̀, ìyẹn òkun Akitíìkì, ní ìpẹ̀kun àríwá ayé. Kí ìgbì tó lè dàgbà, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ààyè gbalasa fẹ́ lórí omi, yìnyín ló sì ti ń dí ààyè yẹn látayébáyé. Yìnyín ń dínkù, ààyè ń gbòòrò. Ní September 2012 tí yìnyín kéré jù, wọ́n wọn ìgbì mítà 5 ní òkun Beaufort, tó jẹ́ apá kan Akitíìkì. Àwọn ará Shishmaref ní Alaska, tí yìnyín etíkun máa ń gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjì ìgbà tí òtútù ń bẹ̀rẹ̀, dìbò lọ́dún 2016 pé àwọn fẹ́ kó gbogbo abúlé lọ síbòmíì.

Lórí ògiri tẹ́ ẹ béèrè: ó máa ń gba ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n kì í gba iyanrìn tó wà níwájú ẹ̀. Ìgbì tó bá lu ògiri á ta padà pẹ̀lú agbára, á máa gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri, òkìtì tó ń tú iyanrìn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wà ní àtìmọ́lé lẹ́yìn ògiri, ibẹ̀ á wá di omi àti òkúta nìkan. Iyanrìn kì í dúró sójú kan pẹ̀lú, ìgbì tó bá fi ẹ̀gbẹ́ wá máa ń tì í lọ lẹ́bàá etíkun bí odò, tẹ́ ẹ bá dí i níbì kan, aládùúgbò yín ló máa fara gbá a. Tí ìgbì bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ yí ibi tó kọjú sí padà, láìga sí i rárá, odò iyanrìn yẹn náà á yí, etíkun kan á máa yó, èkejì á máa rù. Èmi ka yíyí yìí sí ju gíga lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi kọ àkọlé ìròyìn.

Àwọn ará Netherlands gbìyànjú ọ̀nà míì lọ́dún 2011. Dípò ògiri, wọ́n lọ wa iyanrìn tó tó mílíọ̀nù 21.5 mítà oníbùú-lóròó-gíga látinú òkun, wọ́n dà á jọ síbì kan ṣoṣo ní etíkun gúúsù ìlú The Hague, ó yọ sínú omi bí ìkọ́. Wọ́n pè é ní Zandmotor, ìyẹn ẹ̀rọ iyanrìn. Kò sí táyà kò sí ẹ́ńjìnnì nínú ẹ̀. Wọ́n dà á síbẹ̀, wọ́n kúrò, ìgbì ló ń bá wọn kó o pín sí ọ̀tún àti òsì láti ọjọ́ yẹn.